Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Kò Mojú Ẹnikẹ́ni

Orúkọ tí bàbá àti ìyá mi sọ mí ni Ìyábọ̀dé. Ṣótúndé ni orúkọ ìdílé mi, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ sì ni mí. Ẹ má bínú pé orúkọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè sí kóòtù. Iṣẹ́ tí mo ṣe ló fà á. Níbi tí mo ti lo ayé mi, ẹni tí kò bá tíì sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, a ò ní fọwọ́ kan apá rẹ̀, ì báà jẹ́ ọba ló jókòó síwájú wa.

Iṣẹ́ láàbù ni mo ṣe, ní ọsípítù kan nílẹ̀ Rẹ́mọ wa níbí. Èmi tí mo fi orúkọ da gbogbo ayé láàmú, mi ò ní dárúkọ ọsípítù náà, nítorí mo fẹ́ sọ òótọ́ ibẹ̀, àwọn tó kù níbẹ̀ sì ṣì ń kí mi dáadáa. Ọmọ ọmọ mi kan tó fẹ́ wọ yunifásítì ló bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ṣé iṣẹ́ láàbù dáa? Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí." Mo ní ẹ̀rọ ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí o bá gbé fún ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ máa yẹ̀ wò. Bí o bá gbé ẹ̀jẹ̀ Táíwò fún un pé ti Kẹ́hìndé ni, yóò yẹ̀ ẹ́ wò kínníkínní, yóò sì ti ibẹ̀ pa Kẹ́hìndé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí, fún òun àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ ń ronú iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi ayé yín ṣe.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ kò ní ìtàn nínú. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé girama, wọ́n ń wá ọmọ tó mọ sáyẹ́ǹsì díẹ̀, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀, ká sọ̀rọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́.

Ọ̀gá Ṣódiyà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èèyàn dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, kóòtù funfun wọn kì í ní àbàwọ́n, wọ́n sì máa ń rìn bí ẹni tó ru omi kún agbè. Wọn kì í pariwo. Bí ìgò ẹ̀jẹ̀ bá dé iwájú Ọ̀gá, wọ́n á gbé e sókè sójú fèrèsé, wọ́n á wo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, wọ́n á ka orúkọ tó wà lára pílásítà tí a lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá ka ìwé tó bá a wá. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ̀nà, wọ́n á fi eegun ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan: kó! Ó túmọ̀ sí pé kí a gbà á wọlé. Bí kò bá tọ̀nà, tábìlì ò ní dún. Ọ̀gá á kàn gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì máa wò ọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó sàn fún mi kí bàbá mi fi pàṣán nà mí ju kí Ọ̀gá Ṣódiyà wò mí bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ìdí awò tí a fi ń wo kòkòrò àìsàn ni wọ́n máa gbé mi jókòó sí. Mo tilẹ̀ ti fi fọ́nnu fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìgò ni Ọ̀gá kó fún mi pé kí n máa fọ̀. Ìgò abẹ́rẹ́ pẹnisílínì tó ti tán la fi ń gba ẹ̀jẹ̀ láyé ìgbà náà. A ó fọ̀ ọ́, a ó ṣàn án, a ó tún un ṣàn, a ó sì kó o sínú ààrò kó gbẹ. Mo fọ ìgò títí ọwọ́ mi fi hunjọ bí ọwọ́ alágbàfọ̀. Nígbà tó sú mi, mo fi ìbínú sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ máa kọ́ mi níṣẹ́ gan-an?"

Wọ́n mú ìgò kan nínú èyí tí mo ti fọ̀, wọ́n bu omi sí i, wọ́n fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu, wọ́n sì mì í. Ìfófó ọṣẹ rú díẹ̀ lọ́rùn ìgò.

"Ọṣẹ yìí máa tú ẹ̀jẹ̀ ká," Ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀. "A ó wá kọ̀wé pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn kò tó lára rẹ̀. Kò sóhun tó ṣe é, ọṣẹ Ìyábọ̀ ló ṣe é. Iṣẹ́ tó o ní mi ò tíì kọ́ ẹ, òun lo ń ṣe látàárọ̀."

Ojú tì mí, mo padà sídìí ìgò. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo ohun tí láàbù máa sọ nípa ẹ̀jẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó dé ibẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n gba ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn, wọ́n kọ́ mi pé kí n má ṣe fi okùn rọ́bà fún apá pẹ́, kí n sì yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu síríńjì kí n tó da ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, kó máa ṣàn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Èmi a máa fẹ́ fi agbára tì í kó tètè tán. Ọ̀gá á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," wọ́n á sì jẹ́ kí n tún un ṣe lórí omi aró títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú.

Ẹ ò lè mọ ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń gbé wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n á gbé ìgbẹ́ wá nínú páálí ìṣáná. Bí o bá ní kí wọ́n hú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà, itọ́ ni wọ́n á tu fún ọ, wọ́n á sì máa wo ojú rẹ bóyá ó tó. Àgbẹ̀ kan wá láti Ìpara, ìtọ̀ rẹ̀ kún fún ṣúgà débi pé ẹ̀rù ba dókítà. Ọ̀gá gbé ìgò tí bàbá náà fi gbé e wá sí imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ohun tí wọn kì í sábà ṣe.

"Bàbá, kí ló wà nínú ìgò yìí tẹ́lẹ̀?"

"Oyin ni. Oyin gidi, oko mi ni wọ́n ti fà á. Mo fi omi ṣàn án o!"

"Ẹ máa lọ sílé, bàbá. Oyin yín ló ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀yin kò ní in."

A fún un ní ìgò tó mọ́, ìtọ̀ rẹ̀ sì mọ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà a ò gba ìtọ̀ nínú ìgò ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Ti àwọn ìyá oníṣòwò obì ní Ṣàgámù tún yàtọ̀. Bí a bá ní kí wọ́n wá láìjẹun, wọ́n á wá láàárọ̀ kùtù, wọ́n á búra pé àwọn ò fẹnu kan nǹkan, bẹ́ẹ̀ eyín wọn ti pọ́n fún obì tí wọ́n ń gé jẹ bí wọ́n ti ń ṣà á sínú agbọ̀n. Wọn kò purọ́. Ta ló ń ka obì mọ́ oúnjẹ? Òmíràn ti mu ògì gbígbóná, ó fi ṣúgà sí i, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ jẹun. Ọ̀gá Ṣódiyà ní kí a yéé bèèrè bóyá wọ́n ti jẹun. "Ẹ bi wọ́n pé, kí ló ti gba ẹnu wọn kọjá látìgbà tí wọ́n jí?" Ìbéèrè kékeré yẹn ló gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ oògùn tí kò yẹ kí wọ́n mu. Títí di òní, bí Ọ̀gá ṣe ń ronú kan ìbéèrè ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Bí ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò bá ń bọ̀ láti ilé ìtọ́jú kékeré tó wà ní Ìpara, orí ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ni wọ́n máa ń gbé e sí nínú bọ́ọ̀sì, pé ibẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó ṣubú. Ó máa ń sè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀gá lọ bá obìnrin tó ń ta ẹja tútù, ó ń bá wa fọ́ yìnyín sínú kúlà, àwa sì ń fi kúlà náà ránṣẹ́ sí Ìpara. Àwọn kan ní kúlà láàbù ń rùn bí ẹja. Ọ̀gá ní ẹ̀jẹ̀ kò ní imú.

Èyí tó le jù fún mi ni orúkọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í bi àgbàlagbà pé kí lorúkọ rẹ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wàá kí i dáadáa, wàá wá ẹlòmíì bi lẹ́yìn. Ọ̀gá Ṣódiyà ò gba ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbà kí a pe orúkọ sí aláìsàn létí pé ṣé òun ni Lágbájá, kó wá dáhùn. "Á ní bẹ́ẹ̀ ni," Ọ̀gá wí. "Ara rẹ̀ ò yá, etí rẹ̀ lè wúwo, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún kóòtù funfun. Ó lè rò pé ò ń kí òun ni. Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ó wá di ọjọ́ kan tí olóyè àgbà kan wá láti àdúgbò wa ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tó jókòó níbi ìkómọ mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí i tán, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni orúkọ yín?"

Olóyè fi ojú wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyábọ̀, ṣé orí ẹ pé? Èmi lò ń bi léèrè orúkọ?"

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Ọ̀gá Ṣódiyà jáde wá látinú yàrá kejì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù funfun wọn.

"Ẹ má bínú, bàbá. Gbogbo Ìkẹ́nnẹ́ ló mọ̀ yín. Ìyábọ̀ mọ̀ yín, èmi náà mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ìgò yìí kò mojú yín, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló máa dá lọ jẹ́jọ́ yín nínú lọ́hùn-ún."

Olóyè bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó to oyè rẹ̀ lé e títí tí pílásítà kò fi gbà á mọ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ là á wò ká tó gba ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máà mọ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Láyé ìgbà náà, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ tó o bá nínú ilé náà, bó tilẹ̀ ṣì ń rá kòrò, ọkọ rẹ ni. Orúkọ tìrẹ lo máa fún un. Èyí tó dúdú á máa jẹ́ Adúmáadán. Èyí tí ìdí rẹ̀ gba ìlẹ̀kẹ̀ á máa jẹ́ Ìdílẹ̀kẹ̀. Èyí tí eyín rẹ̀ funfun á máa jẹ́ Eyínfúnjowó. Orúkọ tó dùn ni, ẹ̀kọ́ ilé sì ni. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ronú pé ó lè fẹ́ pa èèyàn.

Ọmọ ìdílé oníṣòwò obì ní Ṣàgámù ni Mulíkátù. Ó wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọmọ sì wálẹ̀ láyọ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ilé ti ń kí ara wọn kú ewu, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára rẹ̀, kò sì dá. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí Likosi lọ ra obì, àwọn ọkùnrin ilé wà lọ́jà. Rìsí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí wọn ò tíì gbé níyàwó pẹ́, ló wà nílé. Rìsí ló gbé e sínú takisí, òun ló gbá a mọ́ra dé ọsípítù. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, Mulíkátù ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ní kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ fún un kíákíá. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tí wọ́n máa gbé wá fún wa, ó sì bi Rìsí léèrè orúkọ aláìsàn.

Rìsí ní, "Eyínfúnjowó ni wọ́n."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sára pílásítà. N kò bá a wí. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì kún fún iṣẹ́.

Ó tó wákàtí díẹ̀ kí ìyá Mulíkátù tó ti Likosi dé, erùpẹ̀ ọ̀nà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun ló sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ní kíkún, wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì. Rìsí ti sáré lọ sílé lọ kó aṣọ, kó sì wo ọmọ jòjòló tí wọ́n fi sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti parí iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀, òmíràn ti gba ipò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kejì yìí ló sáré wọ láàbù.

"Ẹ̀jẹ̀ Mulíkátù dà? Ó ti ń lọ lọ́wọ́ wa o!"

Kò sí ẹ̀jẹ̀ Mulíkátù. A wo orí tábìlì, a wo fíríìjì. Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí a gbà lára ẹni tó fi tọrẹ, tí a ti yẹ̀ wò pé ó bá ìgò aláìsàn kan mu, tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá gbé ló wà níbẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ sì ni Eyínfúnjowó. Ìyá Mulíkátù ti tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà wa.

"Yèsí ni Eyínfúnjowó?" ó ké, ó ń bèèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. "Mẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n o! Ọmọ tèmi, Mulíkátù lorúkọ ẹ̀!"

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí Rìsí padà dé, ẹrù aṣọ lórí rẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ náà, ẹrù bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ wa nìyẹn! Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Èmi ni mò ń pè wọ́n ní Eyínfúnjowó!"

Inú gbogbo wa dùn bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù. Ìyá ní, "Ẹ gbé e wá!" Nọ́ọ̀sì na ọwọ́. Èmi gan-an ti fa ìlẹ̀kùn fíríìjì. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀gá Ṣódiyà fi àtẹ́lẹwọ́ ti ìlẹ̀kùn náà padà. Wọ́n ka orúkọ tó wà lára ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n ka ìwé rẹ̀, mo sì ń dúró kí tábìlì dún. Tábìlì kò dún.

"Rìsí, ìwọ lo fún un lórúkọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyàwó mélòó ló wà ní gbogbo Rẹ́mọ tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ní eyín funfun?"

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ìyábọ̀, lọ gba ẹ̀jẹ̀ tuntun lára rẹ̀. Jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ kó o tó gún un. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ni kó o ti kọ ọ́, kó o tó gbé ẹsẹ̀ kan."

Ìyá náà figbe ta. "Ẹ fẹ́ pa á fún mi! Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ tún fẹ́ fa ìwọ̀nba tó kù lára ẹ̀!"

"Ẹ bú mi, ìyá, ẹ ní ẹ̀tọ́," Ọ̀gá dáhùn, ohùn wọn kò sì ga. "Bí èyí kì í bá ṣe tirẹ̀, òun gan-an ló máa pa á. Bó bá ti wọlé, a ò lè fà á jáde mọ́."

Dókítà dé láti mọ ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mi orí, ó ní, "Ṣódiyà, ẹ ṣe é bó ṣe yẹ. Èmi á fi omi gbé e ró títí ẹ máa fi ṣe tán." Ó padà sídìí aláìsàn rẹ̀. Mo tún fẹ́ràn dókítà náà sí i lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀rù bà mí. Iṣan apá Mulíkátù ti wọlé, awọ rẹ̀ tutù. Ìyá rẹ̀ sọ orúkọ náà pẹ̀lú ẹkún, mo kọ ọ́, mo wá iṣan náà pẹ̀lú ìka títí mo fi bá a, mo sì gba díẹ̀ tó lè tó. Nígbà tí Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, irú O ni. Èyí tó wà nínú fíríìjì, irú A ni. Ẹ ò nílò láti jẹ́ oníṣẹ́ láàbù kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n: ẹni tó jẹ́ irú O, bí ẹ bá fa irú A sí i lára, ara rẹ̀ á bá ẹ̀jẹ̀ náà jà títí ẹ̀mí á fi bọ́. Ọ̀gá gbé àwo tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò síwájú mi kí n wò ó fúnra mi.

Ẹ̀yìn náà la tó rí ìdí ọ̀rọ̀. Obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù kejì tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí ìju tó wú nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ìyàwó ilé wọn ló mú òun náà wá, òun náà ò sì lè pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Eyínfúnjowó lòun náà fún nọ́ọ̀sì. Arábìnrin tó ń kó ìgò wá sí láàbù rí ìgò méjì tó ní orúkọ kan náà, ó rò pé wọ́n ṣèèṣì gba ti ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, ó da ọ̀kan nù, ó gbé èkejì wá. Ti Mulíkátù ló dà nù. Obìnrin oníju ni a pèsè ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fíríìjì fún, kò sì sí ohun tí a mọ̀ nípa Mulíkátù rárá títí Ọ̀gá fi ní kí n lọ gún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ọkọ Rìsí ti ọjà dé, a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó bá ti àbúrò rẹ̀ mu, ó sì na apá. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ọsípítù, ẹ̀jẹ̀ ti ń kán wọ ara Mulíkátù. Ó la ojú, ó bèèrè ọmọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá sí láàbù láti wá kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá Ṣódiyà. Ọ̀gá sá wọ ẹ̀yìn ààrò, wọ́n ní ìgò wà níbẹ̀ tí àwọn fẹ́ kó.

Rìsí nìkan ni kò wọlé. Orí àtẹ̀gùn níta ló jókòó sí, ó ń sunkún, nítorí àwọn kan ti ń sọ pé òun ló fẹ́ pa ọmọ ọkọ rẹ̀. Ọ̀gá jáde lọ bá a, mo tẹ̀ lé wọn.

"Ṣé kí n pe ọkọ mi lórúkọ ni, sà?" ó ń bèèrè. "Ilé wo ni wọn á ti ní mo ti wá?"

Ọ̀gá Ṣódiyà jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, tòun ti kóòtù funfun wọn tí kì í ní àbàwọ́n. "Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi. Ìwà rere lo hù. Àwa la bi ẹni tí kò yẹ ká bi. Bí ò bá sí ìwọ, ilé ni ì bá kú sí."

Mo ti rí àwọn ọ̀gá mìíràn lẹ́yìn wọn, àwọn tó kàwé ju tiwọn lọ, tí wọ́n sì jẹ́ èèyàn gidi. N kò rí ẹni tó le tó wọn lórí ìgò, tó sì rọ̀ tó wọn lórí èèyàn. Wọn ò sọ pé kí a pa àṣà ìyàwó ilé rẹ́. Wọ́n kàn lọ jókòó pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ní bí aláìsàn bá lè sọ̀rọ̀, kó sọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹni tó bí i tàbí ẹni tí wọ́n jọ bí ni kí ẹ bi. Bó bá jẹ́ ìyàwó ilé nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ má fipá mú un. Ẹ kọ nọ́ńbà sára pílásítà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ aláìsàn, ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sára ìgò, kẹ́ ẹ wá ránṣẹ́ pe ọmọ bíbí inú ilé. Kò pẹ́ tí àwọn ìyàwó ilé Ṣàgámù fi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń gbé aláìsàn bọ̀, wọ́n á fa ọmọ kan lọ́wọ́ dání, wọ́n á ní, "Mo ti mú ẹni tó máa dárúkọ wá."

Irinṣẹ́ yí padà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Síríńjì onígíláàsì tí a ń sè nínú ìkòkò lọ, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń jù nù dé. Ìgò pẹnisílínì lọ, ìgò tó ní ìdérí aláwọ̀ oríṣiríṣi dé, kò sẹ́ni tó ń fọ nǹkan kan mọ́. Awò tí a ń fi dígí yí sí oòrùn di oníná, ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí di èyí tó ń dá yí. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn sí i. N kì í ṣe ara àwọn àgbà tó gbà pé ayé àtijọ́ ló dáa jù. Ẹni tó bá ti fọ ìgò rí kò ní sunkún ìgò. Àmọ́ gbogbo ẹ̀rọ yẹn, títí kan èyí tó ń tẹ orúkọ jáde bí ìlà dúdú wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, èèyàn ló ṣì máa kọ́kọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó bèèrè. Bí o kò bá ní sùúrù láti bèèrè, lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, kó o jẹ́ kí àwọn èèyàn wa pẹ́ láyé.

Ó ku ọ̀kan. Ọ̀gá Ṣódiyà ti fẹ̀yìn tì, àsìkò tí gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n nílẹ̀ yìí ni. Wọ́n pè mí sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin pé kí n wá gba ẹ̀jẹ̀ lára bàbá kan tí apá rẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ. Mo dé ibẹ̀, Ọ̀gá mi ni. Ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ìyá Kẹ́mi, ìyàwó wọn, ló jókòó tì wọ́n. Kẹ́mi fúnra rẹ̀ ṣì ń bọ̀ láti Ìbàdàn.

Mo mú okùn rọ́bà jáde, mo sì dúró. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wọ́n. Ẹ gbà á." Mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ń wò mí, ojú tí wọ́n máa fi ń wò mí nígbà tí ìgò ò bá tọ̀nà, ọwọ́ mi ò sì ṣí. Ẹni tó bí wọn ti lọ, ẹni tí wọ́n jọ bí kò sí níbẹ̀. Ìyàwó ilé nìkan ló wà, àwọn fúnra wọn ló sì kọ́ wa pé kí a má bi ìyàwó ilé. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ màmá yìí, "Bàbá Kẹ́mi" ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn.

Màmá dìde. "Mo mọ ohun tí ò ń wá, Ìyábọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún mi pé tí ọjọ́ kan bá dé tí ẹnu àwọn bá kọ̀, èmi ni màá sọ ọ́. Mo ní láéláé. Wọ́n ní màá sọ ọ́."

Màmá tún gèlè wé. Màmá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n sì fi ohùn tó já gaara pe orúkọ tí wọn kò pè rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Jósáyà Adéyẹmí Ṣódiyà."

Mo kọ ọ́ níbẹ̀, kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan. Omi ti bo ojú mi, mo gbé ìgò náà sókè síwájú Ọ̀gá kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á pẹ́. Ọwọ́ wọn tó ṣì dára kúrò lórí aṣọ ìbora, ó rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé irin bẹ́ẹ̀dì, eegun ìka náà sì kàn án lẹ́ẹ̀kan: kó.

Mo so okùn rọ́bà mọ́ apá wọn, mo sì gba ẹ̀jẹ̀ náà.